Lẹ́tà Tí Kò Kúrò Nílé

Ìtìjú kan bá wa láìpẹ́ yìí níwájú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Bí a bá pa á mọ́ra, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, àgàgà ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé béèrè ààyè ní yunifásítì.

Aládùúgbò wa kan ní Àjàṣẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá wa. Ọmọ náà ti yege nínú ìdánwò baccalauréat, ó sì ń béèrè fún owó ìrànwọ́ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Ìwé tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré: ìwé ìbí, èsì ìdánwò, máàkì ọdún mẹ́ta gbáko, àti lẹ́tà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bàbá rẹ̀ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òun ló san owó gbogbo òǹtẹ̀ tó wà lára àwọn ìwé náà, òun ló sì fi alùpùpù gbé ọmọ kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. A fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìwé wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà, a so wọ́n mọ́ ímeèlì, a tẹ “Envoyer”. Lẹ́tà náà pòórá lójú wa. A yíjú sí bàbá ọmọ, a ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ.” Wọ́n súre fún wa títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

Kò lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n padà wá béèrè bóyá èsì ti dé. A ṣí kọ̀ǹpútà láti wò ó, a sì bá lẹ́tà náà nínú “Boîte d’envoi”, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tí a gbàgbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.

Ohun tó tàn wá jẹ ni pé lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn ń wọlé sí wa lójoojúmọ́. Bí lẹ́tà bá ń wọlé, ta ni yóò rò pé tirẹ̀ kò jáde? Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáwọlé àti ọ̀nà àbájáde ímeèlì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ìlànà IMAP ni ètò orí kọ̀ǹpútà wa fi ń mú lẹ́tà wá sílé, ẹnu-ọ̀nà 993 ló sì sábà máa ń gbà. SMTP ló ń gbé lẹ́tà jáde, òun sì ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀kan lè ṣí gbayawu kí èkejì wà ní títì pa.

Ọdún 1982 ni Jon Postel kọ ìlànà SMTP sílẹ̀. Àwọn tó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Ẹnu-ọ̀nà 25 ni gbogbo lẹ́tà ń gbà, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Nígbà tó yá, àwọn jàǹdùkú rí àyè. Wọ́n ń fi kòkòrò kọ̀ǹpútà wọ inú ẹ̀rọ onílé, wọn a sì sọ ọ́ di ẹrú tí ń fi lẹ́tà ẹ̀tàn ránṣẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi ti ẹnu-ọ̀nà 25 mọ́ àwọn oníbàárà tó wà nílé. Ẹnu-ọ̀nà 587 ni a yà sọ́tọ̀ fún onílé láti oṣù Kejìlá ọdún 1998, ó sì ní oníbodè: ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. 465 náà wà, níbi tí a ti ń di ọ̀rọ̀ ní àdììtú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe kedere nígbà tí a fara balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a ti pa ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa dà, nítorí pé bí òjò bá ti ṣú ni ti àtijọ́ ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n a kò rántí pé serveur ti ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà ni ètò wa ṣì ń gbé lẹ́tà fún. Serveur bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wà lórí wáyà tirẹ̀. Oníbodè ìlú kan kò mọ̀ wá mọ́. Ó dá wa padà, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àkọlé kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 550 ti yọ lójú wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a sì pa á dé láìkà á. Àwa tí a ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wí lójoojúmọ́ pé wọn kì í ka ìbéèrè tán!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ìdádúró fúngbà díẹ̀ ni, ẹ lè tún gbìyànjú. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, kíkọ̀ ni, àsọtúnsọ kò ní yí i padà. 535 ń sọ pé orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà kò bá ara mu. 552 sábà máa ń sọ pé ẹrù ti wúwo jù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kọ́kọ́ sá fún gbogbo èyí. A gba inú navigateur wọ àpótí Gmail wa, a kọ gbólóhùn kan sí ara wa, ó lọ, ó sì dé. Èyí fi hàn pé wáyà ilé kò lẹ́bi. A wá so ìwé ọmọ náà mọ́ òmíràn, àfi bí wàhálà kejì ṣe yọjú: ìwé náà lé ní 30 mẹ́gà, Gmail kì í sì í gbà ju 25 lọ. Ó fẹ́ sọ wọ́n di líǹkì, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ọ̀hún ti kọ ọ́ pé àwọn kò gba líǹkì. Ẹ fi sọ́kàn pé ímeèlì ń tún fáìlì kọ kó tó gbé e, ohun tó jẹ́ mẹ́ta ń di mẹ́rin lójú ọ̀nà, àpótí ẹni tí à ń kọ̀wé sí sì lè ní òdiwọ̀n tirẹ̀. A tún àwòrán yà láìní àwọ̀, kò sì ju mẹ́gà mẹ́rin lọ mọ́. Ó lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bàbá ọmọ kò dìde títí ìdáhùn “accusé de réception” fi dé. Wọ́n ní kí a kà á ní Faransé, kí a tún kà á ní Yorùbá.

Ọjọ́ kejì ni a tún ètò náà ṣe. A yọ serveur àtijọ́ kúrò, a fi ti Google fúnra rẹ̀ sí i, ẹnu-ọ̀nà 587, STARTTLS, àdírẹ́sì wa lódindi gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Google kò ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà lásán mọ́ lọ́wọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ní láti gba ọ̀nà ìwọlé tirẹ̀, tàbí kí ẹ gba ọ̀rọ̀ aṣínà onílẹ́tà 16 tí ó ń ṣe fún ètò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì ń fura sí wáyà ilé rẹ̀, kí ó yá íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: bí lẹ́tà bá jáde níbẹ̀, ó ti mọ ibi tí ìdènà wà. Kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà náà, bí iná bá lọ tó dé, lè padà sí ọjọ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ wo déètì rẹ̀, nítorí serveur kò ní gbà á gbọ́.

Èsì owó ìrànwọ́ náà kò tíì jáde. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bàbá ọmọ mú lẹ́tà mìíràn wá, ti ọmọkùnrin wọn. A tẹ “Envoyer”, a sì fẹ́ dìde. Wọ́n fa àga wọn súnmọ́ tábìlì, wọ́n ní, “Olùkọ́, ẹ ṣí àpótí tó ń dá lẹ́tà dúró yẹn ná, kí n fojú ara mi rí i.”