Ilẹ̀ Lè Jẹ́ Tìrẹ, Ọta Ìbọn Kò Mọ Ààlà

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀ àti ìjòyè, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ láti Djama dé Gnagna dé Woudou: Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo.

Bí ẹnì kan bá gbé ọtí àti obì wá bá yín, tó ní òun fẹ́ sọ oko òun di pápá ìyìnbọn, níbi tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun á ti máa yìnbọn sí àmì ṣeré, kí lẹ máa sọ? Àwọn kan á ní, "Ilẹ̀ rẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀." Àwa ò gbà. Ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà àti ọmọ tó ń ṣẹ́gi níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Wọ́n á ní ìbọn kékeré ni, .22 lásán, èyí tí òòlù rẹ̀ ń gbá etí ìdí ọta dípò àárín. Wọ́n á ní kò dún tó ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Òótọ́ ni, kò dún tó o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ọta rẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 2.6 lọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá yìn ín sókè díẹ̀, tí nǹkan kan ò dá a dúró, ó lè lọ tó kìlómítà kan àtààbọ̀ kó tó balẹ̀. Oko ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Atakpamé? Ilẹ̀ òkè àti àpáta sì ni tiwa. Ọta òjé tó bá lu òkúta kì í wọlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ńṣe ló máa ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ.

Ẹlòmíràn á yọ titre foncier. Òfin ilẹ̀ Togo ti 14 Oṣù Kẹfà 2018 ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn, ibòmíràn ló wà. Ní Abuja, ní 14 Oṣù Kẹfà 2006, CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn: ará ìlú kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ìwé ilẹ̀ kì í ṣe ìwé ìbọn. Ìka tí baálẹ̀ tẹ̀ náà kì í ṣe ìwé ìbọn. Baálẹ̀ tó bá gba ọtí tó sì tẹ̀ka, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ìtàn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò ńlá sí Kamina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Tiwọn ni, kì í ṣe tiwa. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 1914, ilé rédíò yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń lé bọ̀. Wọ́n jà lẹ́bàá odò Chra ní ọjọ́ 22. Kí oṣù tó parí, àwọn Jámánì fúnra wọn ti ba ilé náà jẹ́, wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀, gbogbo ìlú ló ń pín nínú wàhálà rẹ̀.

Ẹ tún wò ó. Láti Oṣù Kọkànlá 2021 ni àwọn apániláyà ti ń kọlù Savanes, lápá àríwá ilẹ̀ wa. Bí ìbọn bá ń dún nínú igbó lọ́sàn-án Sátidé, ta ló máa sọ fún ìyá tó wà lóko pé eré ni? Lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe eré ńkọ́?

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn o. Ọdẹ wà ní ìdílé wa. Yíyìnbọn sí àmì ti wà nínú eré Olympic láti 1896. Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

Kí ìwé àṣẹ ìjọba wà fún ìbọn kọ̀ọ̀kan àti fún pápá náà, kí wọ́n sì fi hàn lójú gbogbo ìlú, kì í ṣe nínú yàrá.

Kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gíga tí kò ní òkúta wà lẹ́yìn gbogbo àmì. Igbó kì í dá ọta dúró.

Kí gbogbo ẹni tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọta gbà á tọkàntọkàn, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi àtàwọn darandaran tó ń kọjá.

Kí ọjọ́ àti wákàtí wà, kí àsíá pupa wà lókè nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn, kí wọ́n sì máa ṣa òjé kúrò nílẹ̀ kí òjò má baà gbé e wọ odò tí a ń mu.

Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rin yìí, kó má sí pápá.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀yin baálẹ̀ wa, ojúmọ́ la ṣì wà, ẹ sọ fún un báyìí. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé kankan kí ìlú tó jókòó.