Ta Ni Yóò Wo Sinimá Ogun Èkìtì?

Bí oníṣẹ́ sinimá kan bá dìde lónìí tí ó ní òun fẹ́ fi Ogun Èkìtì Parapọ̀, tí a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, ṣe àwòrán, tayọ̀tayọ̀ ni a ó fi gbà á. Ṣùgbọ́n kí a tó bi í léèrè owó tàbí òṣèré, ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn: ta ni yóò wò ó? Bí ó bá fèsì pé gbogbo ayé ni, àwa kò ní gbà pé ó ti dáhùn. Ẹni tí ó ń wá ìbò mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ tí òun yóò bá àgbẹ̀ sọ ní Ìdó yàtọ̀ sí èyí tí òun yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ ní Ọ̀yẹ́.

Olóògbé Hubert Ògúndé mọ ìdáhùn tirẹ̀. Láti ọdún 1945 ni ó ti ń kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó fi gbé sinimá Ayé jáde ní ọdún 1979, tí ó dá lórí àjẹ́ àti babaláwo, ojú àwọn tí yóò wò ó kò ṣe àjèjì sí i. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó ni sinimá ni ó ń gbé e kiri fúnra rẹ̀. Yóò háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́, wọn yóò gba owó lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti pariwo àti ibi tí wọ́n ti ń yán.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ní ọdún 2022, àti Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní ọdún 2023, gba orí Netflix dé ilẹ̀ òkèèrè, ìyẹn sì wú wa lórí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ tí ẹni tí ó ni iṣẹ́ lè dúró sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti èdè. Èdè wo ni Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí yóò sọ lójú ogun? Bí ó bá jẹ́ pé ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ni a kọ́kọ́ ṣe sinimá náà fún, kí ó pe ilé ní ulé, kí ó sì ké bí ọmọ Èkìtì. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo ọmọ Yorùbá, Yorùbá inú ìwé ni yóò sọ, àwọn àgbà wa yóò sì máa wò ó bí ẹni wo ogun onílé kejì. Ní tiwa, ará Èkìtì ni kí ó kọ́kọ́ rò. Ará Èkó tí kò bá gbọ́ ọ yóò ka ìtumọ̀ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, gẹ́gẹ́ bí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń kà á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò gùn. Àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà a máa sọ iye ọdún tí òǹwòran gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni oníṣẹ́ sinimá ń fẹ́, inú ìwé eré ni kí ó ti dín ẹ̀jẹ̀ kù.

A ké sí ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú kí ó tó parí. Ẹ pe àgbẹ̀, ẹ pe ọlọ́jà, ẹ pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kọ ibi tí àgbàlagbà ti mi orí sílẹ̀, àti ìgbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí oníṣẹ́ sinimá náà jókòó sí ẹ̀yìn, kí ó má sọ̀rọ̀.