Ẹ Má Tíì Hú Igi Náà

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìran tiwa ti fẹ́ràn "jù ú nù, ra tuntun" jù. Fóònù fọ́, jù ú nù. Kóòdù dàrú, pa á rẹ́, tún un kọ látòkè. Ó ti wá dé orí igi báyìí. Ẹ wá sí Ìkirè, kí ẹ gbọ́ bí àwa ọmọ tó lọ yunifásítì ṣe ń bá àwọn bàbá wa sọ̀rọ̀ oko kòkó: "Ó ti gbó. Ẹ hú u. Ẹ ta ilẹ̀."

Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Eucalyptus kan ló là wá lójú, igi tí òórùn ewé rẹ̀ jọ ti Robb. Inú ìkòkò òdòdó ló wà níwájú ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìjì dá a sí méjì, ewé tó kù gbẹ. A ti gbé e dé etí ààtàn kí bàbá kan tí wọ́n ní oko kòkó lọ́nà Àpòmù tó dá wa dúró: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

Wọ́n fi èékánná họ èèpo igi náà. Lókè, ó gbẹ pátápátá. Nísàlẹ̀, abẹ́ èèpo ṣì tutù, ó láwọ̀ ewé. Wọ́n ní ká fi ayùn gé e lókè ibi tó tutù, kí ojú ọgbẹ́ dà gẹ̀rẹ́ kí omi má bàa dúró níbẹ̀. Ká má bomi rẹpẹtẹ sí i, torí igi tí kò léwé kì í mumi púpọ̀, gbòǹgbò ló máa rà. Ká má sì fi ajílẹ̀ sí i títí á fi rúwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀mùnú yọ lára kùkùté. A fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, a gé ìyókù.

Ibo ni bàbá ti kọ́ ọ? Ṣebí ìdí kòkó ni! Àgbẹ̀ lè gé kòkó tó ti darúgbó ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Ọ̀mùnú tó bá sún mọ́ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú, torí ó lè ta gbòǹgbò tirẹ̀. Gbòǹgbò àtijọ́ ti wà nílẹ̀ ná, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá so ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ bi wọ́n léèrè, ọ̀nà ò jìn.

Ẹnìkan á ní, "Igi tó ń ṣàìsàn ńkọ́?" Òótọ́ ni. Àrùn swollen shoot ò ní oògùn. Kòkó tó bá kọlù, híhú ló kàn. Torí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe ń gé kòkó nílẹ̀ Ìbàdàn àti ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, láwọn ọdún 1940, ó sì bí àwọn àgbẹ̀ nínú gidi. A ò sọ pé kí ẹ má hú igi kankan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dájọ́ ni. Ọgbẹ́ yàtọ̀ sí àrùn. Ogbó yàtọ̀ sí ikú.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ti igi tiẹ̀ sàn ju tiwa lọ: ẹ lè bẹ́ ẹ lórí kó tún hu òmíràn, bí gbòǹgbò bá ṣáà ti wà nílẹ̀. Kí ẹ tó sọ fún bàbá yín pé kí wọ́n ta oko, ẹ bá wọn débẹ̀ ná. Ẹ họ èèpo igi. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ẹ panu mọ́ jàre, ẹ lọ wá ayùn.