Ta Ni Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka ọwọ́ ìyá kan.

Ìlógbò-Èkìtì níbí ni ìyá náà ń gbé. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń bó ẹ̀gẹ́, tó ń yan gàrí, tó sì ń pa èkùrọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń pè ní NIN, ìyá wọ ọkọ̀, ó lọ. Wọ́n ní kó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò rí nǹkankan. Wọ́n ní kó fọ ọwọ́, wọ́n fi aṣọ nù ún, síbẹ̀ ẹ̀rọ kọ̀. Iṣẹ́ ti jẹ ìlà ìka ìyá tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ní, "Màmá, ẹ máa lọ, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn." Ìgbà mẹ́ta ni ìyá lọ, ìgbà mẹ́ta ló san owó ọkọ̀ lálọ àti lábọ̀. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn. Ó ní, "Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn mọ́ ni?"

Àwọn àgbà sọ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ẹ̀rọ kò mọ òwe yìí. Ó ka ìka ìyá wa lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kò pé.

Ìlú tó gbọ́n, fún ta ni?

Lóde òní, àwọn onímọ̀ àti àwọn ìjọba ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní "smart city". Ìyẹn ni ìlú tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣètò iná, omi, ọ̀nà, ilé ìwòsàn, owó orí, àti ìrànlọ́wọ́ fún aláìní. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa mọ́. Ní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì dín owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san kí wọ́n tó lè ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà kù, láti 4,500 náírà sí 145 náírà fún mítà kan. Bánkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti fọwọ́ sí owó yíyá 80 mílíọ̀nù dọ́là fún Ekiti Knowledge Zone, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe ní Adó-Èkìtì.

A kò tako rẹ̀. Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ sínú Bésálẹ́lì (Ékísódù 31:1-5) ló fi í sínú àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti jókòó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń wá fáìlì rẹ̀ kiri tí wọn kò rí i, yóò mọ iyì ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sì mọ iye orúkọ òkú àti orúkọ ayédèrú tó ti gba owó oṣù ní orílẹ̀-èdè yìí, yóò mọ̀ pé ó yẹ kí a ka ènìyàn dáadáa. Ìgbà tí wọ́n ka gbogbo ọmọ Nàìjíríà kẹ́yìn ni ọdún 2006. Ẹni tí a bí lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò. Wọ́n fẹ́ tún un kà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú.

Ìbéèrè wa ni pé: ìlú tó gbọ́n náà, ta ni ó gbọ́n fún? Bí ó bá mọ ẹni tó ní fóònù ńlá, tí kò sì mọ ìyá tó ń yan gàrí, irú ọgbọ́n wo nìyẹn?

Nọ́ńbà ti di ilẹ̀kùn

Òfin tó dá àjọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ sílẹ̀ ti wà láti ọdún 2007. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó ń kánjú lé e lórí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so líìnì fóònù wọn mọ́ nọ́ńbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ní kí àwọn líìnì tí kò bá tíì so má lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lé ní 72 mílíọ̀nù líìnì. Òótọ́ ni pé olè àti ajínigbé wà lára àwọn tó ń lo líìnì tí kò ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ṣé 72 mílíọ̀nù ni ajínigbé? Fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìlógbò, ní Ùsì, ní Ìjerò, ní Àrámọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n fi ń pe ọmọ wọn ní Èkó pé oògùn ti tán.

Lónìí, ó ti lé ní 100 mílíọ̀nù ènìyàn tó ti gba nọ́ńbà náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà ti ń di ohun tí a fi ń wọ bánkì, tí a fi ń ṣe ìdánwò JAMB, tí a fi ń gba ìwé ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ìyà ẹni tí kò ní i ń pọ̀ sí i. Àwọn obìnrin tó wà nínú ìwé náà kò sì tó àwọn ọkùnrin.

Ẹ kò tíì gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023. Ìjọba ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó di oṣù kejì, owó kò sí níta mọ́. Ẹni tó ní bánkì lórí fóònù ń fi fóònù ra oúnjẹ. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, tí kò ní àkáǹtì, jókòó ti ẹ̀fọ́ rẹ̀ títí ó fi rọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún náà. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ 666

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ń ṣí Ìfihàn orí 13 bí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará kan kọ̀ láti gba NIN, wọ́n ní àmì ẹranko náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láìfi bò: kì í ṣe òun. Ẹni tó gba NIN kò sẹ́ Kristi, kò sì foríbalẹ̀ fún ère kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹsẹ kẹtàdínlógún kà. Ìwà ìkà wo ni Jòhánù rí níbẹ̀? Ó rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ àwọn kan, wọn kò lè rà, wọn kò lè tà. A ti ń bẹ̀rù nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ fún wa, a kò sì ro ti ẹni tí wọ́n kọ̀ láti fún. Bí ọjà bá tì mọ́ opó kan nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ìka rẹ̀, ó yẹ kí ìjọ Ọlọ́run tètè ké jáde ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun tí àwọn àpọ́sítélì ṣe

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-6. Ìjọ àkọ́kọ́ ní ètò bí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Ètò náà dára, àwọn ènìyàn mímọ́ ló sì ń ṣe é. Síbẹ̀, ó ń fo àwọn opó kan dá, àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì. Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta.

Èkíní, àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé àwọn opó náà ń purọ́, wọn kò sì ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ. Èkejì, wọ́n yan ènìyàn méje tí orúkọ wọn wà nínú Bíbélì títí dòní, kí ẹni tí wọ́n bá fò dá lè mọ ẹni tí yóò lọ bá. Ẹ̀kẹta, orúkọ Gíríìkì ni orúkọ àwọn méjèèje, láti orí Sítéfánù dé orí Níkólásì. Èyí fi hàn pé láàárín àwọn tí ìyà ń jẹ ni wọ́n ti mú àwọn tó wá ń pín oúnjẹ.

Ó dà bíi pé ayé kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tán. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ó lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Aadhaar. Ní ọdún 2017, ní ìpínlẹ̀ Jharkhand, ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan kú. Wọ́n ti yọ ìdílé rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń gba oúnjẹ ìjọba, nítorí pé káàdì wọn kò so mọ́ nọ́ńbà náà. Ìyá rẹ̀ ní ebi ló pa ọmọ òun. Ìjọba ní ibà ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ọmọ náà ti lọ.

Nílé wa níbí, nínú ìdánwò JAMB ọdún 2025, kọ̀ǹpútà ṣe àṣìṣe ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pariwo ni, à bá sọ pé àwọn ọmọ náà kò kàwé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá àgbà àjọ náà jáde, ó gba ẹ̀bi, ó sunkún ní gbangba, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ tún ìdánwò náà ṣe. Ẹ̀rọ lè ṣìṣe bí ènìyàn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́ kò tíì rí i.

Èyí tó dùn mọ́ni ni ti Mákòókò ní Èkó. Ní ọdún 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi lásán ni àwòrán ilẹ̀ ń fi hàn níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé. Ní ọdún 2019, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò náà bí wọ́n ti ń fi dúróònù ya àwòrán láti òkè, àwọn fúnra wọn sì fi ilé àti ọ̀nà omi wọn sórí àwòrán ilẹ̀. Bí ti àwọn méje ọjọ́ kìíní gan-an nìyẹn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

A bẹ ìjọba ní ohun mẹ́rin. Kí ètò kankan má ṣe ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo: bí ìka bá kọ̀, kí wọ́n lo ojú, bí ìyá kò bá ní ìwé ìbí, kí wọ́n gba ẹ̀rí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí ìlú kéékèèké lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n sì bá wa sọ Yorùbá. Kí wọ́n yan ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹni tí ẹ̀rọ kọ̀ yóò lọ bá. Kí wọ́n sì pa àṣírí wa mọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti là á sílẹ̀.

Ìjọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀, kí a kọ orúkọ àwọn arúgbó, opó àti abirùn wa tí kò tíì ní nọ́ńbà, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí aládùúgbò. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò máa bá wọn lọ. Ọ̀fẹ́ ni gbígba NIN, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì bi wọ́n léèrè nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń gba owó. Ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn, ẹ dákun, ẹ dẹ́kun fífi 666 dẹ́rù bà wọ́n.

Ìyá wa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, arábìnrin kan láti inú ìdàpọ̀ wa tẹ̀ lé e. Ó rọra ní kí wọ́n bá òun pe ọ̀gá wọn. Ọ̀gá jáde, ó wo ọwọ́ ìyá, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ló pa ìlà ìka náà rẹ́, kí wọ́n ya ojú rẹ̀. Ìyá gba nọ́ńbà. Ẹ̀rọ ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ṣì lò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnìkan dúró tì í.

Olúṣọ́ àgùntàn rere ń pe àwọn tirẹ̀ lórúkọ (Jòhánù 10:3). Ta ni ní àdúgbò yín tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé? Ẹ lọ bá a kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí Olúwa fún wa ní ojú tí a fi ń rí wọn. Àmín.