Bí bẹ́líìtì ọkọ̀ yín bá ń han, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i

Ẹ̀yin òbí wa, ṣé ọkọ̀ yín máa ń han bí ẹ bá ṣáná sí i láàárọ̀? Ẹ má ṣe fi rédíò bo ariwo náà mọ́lẹ̀. Bẹ́líìtì gígùn iwájú ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáànù bẹ́líìtì, ló sábà máa ń fà á.

Òun ló ń yí ẹ̀rọ tó ń sáàjì bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi àti èyí tó ń mú kí sítíárì fúyẹ́. Bó bá já lójú ọ̀nà, iná bátìrì yóò tàn, sítíárì yóò le mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná kọjá ààlà. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá, kí ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí ràdíétọ̀ tó gbóná o!

Kó tó di bẹ́ẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo bẹ́líìtì náà. Bó bá ti sán, tó ń dán, tí etí rẹ̀ ti ya, tàbí tí àwọn ìlà inú rẹ̀ ti jẹ tán bí ojú táyà, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ má da omi tàbí ọṣẹ sí i kó lè dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ lẹ dí, ẹ ò wo àrùn rẹ̀.

Kí mẹkáníìkì fi oníwọ̀n kan náà pààrọ̀ rẹ̀, kó sì yẹ róólà tó ń fà á le wò. Bí róólà bá ti bàjẹ́, tàbí tí ọ́ìlì ń kán sí i, tuntun náà kò ní pẹ́. Owó bẹ́líìtì kò tó owó ẹ́ńjìnnì.