Ta Ni Yóò San Owó Iná Ilé Kọ̀ǹpútà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi fóònù béèrè ọ̀rọ̀, tí èsì sì dé kí ó tó ṣẹ́jú, ó lè rò pé inú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ òun ni iṣẹ́ náà ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ti lè rìn dé ilé ńlá kan ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Iná mànàmáná ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá sì gbóná, iná kan náà ni a tún fi ń mú wọn tutù. Ní ọdún 2024, irú ilé bẹ́ẹ̀ lo nǹkan bí ìdá 1.5 nínú 100 iná tí gbogbo ayé lò.

Ẹnìkan lè wí pé èyí kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n àwọn ilé wọ̀nyí kì í tàn kálẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Ojú kan ni wọ́n máa ń kó jọ sí, ẹrù wọn a sì wọ ibẹ̀ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì. Owó-orí ilé-iṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀, ojú ọjọ́ rẹ̀ sì tutù; nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe kọ́ ilé kọ̀ǹpútà wọn sí agbègbè Dublin, olú-ìlú rẹ̀. Ní ọdún 2015, ìdá 5 nínú 100 iná ilẹ̀ náà ni wọ́n ń lò. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2023, ó ti di ìdá 21, èyí tí ó ju iná gbogbo ilé gbígbé ìgboro lọ. Láti ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ iná ti pàṣẹ pé, kí a tó so wáyà mọ́ ilé tuntun, kí a wo ibi tí ó wà, àti bóyá ó lè pèsè iná fún ara rẹ̀.

Níbo ni ewu ọrọ̀-ajé wà? Kíkọ́ ilé kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ tó kíkọ́ ibùdó tí ń pèsè iná àti nína wáyà tí yóò gbé e wá, owó gọbọi ni a sì fi ń ṣe wọ́n. Bí iná kò bá tó, yóò gbówó lórí fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá sì yáwó láti pèsè iná púpọ̀, tí ilé-iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ yáwó bá kó lọ, gbèsè náà kò ní bá a lọ. Ọrùn àwọn tí ó kù ni yóò wà.

N kò wí pé kí a lé wọn padà. Wọ́n wúlò, wọ́n sì ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ro dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkó pẹ̀lú, ní orílẹ̀-èdè tí iná ti kú káàkiri ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024. Níhìn-ín, bí iná bá wọ́n, jórinjórin, télọ̀ àti ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí àdéhùn ṣáájú ilé kíkọ́: kí ẹni tí yóò lo iná rẹpẹtẹ san owó wáyà àti ibùdó tí a torí tirẹ̀ kọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i pé bí òun tilẹ̀ kúrò, òun yóò san èyí tí ó kù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ẹ óò jókòó níbi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ́la. Bí àlejò ọlọ́rọ̀ bá dé, ẹ kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí yóò jẹ, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.