Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Bí àgbà bá gbọ́ ìròyìn tó mọ̀ pé wọn ò sọ tán, á mirí, á ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Inú èje yẹn ni ọgbọ́n òwe náà wà. Ẹni tó bá ti ka nǹkan dé ẹ̀fà á gbà pé òun mọ èyí tó kàn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ni òwe ń bá wí. Ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kó lọ jókòó lọ́sàn-án Sátidé sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkunbọ̀.

Ká sọ pé olùkọ́ kan yá owó ní kọpuréétìfù, ó kó èsúsú tiẹ̀ mọ́ ọn, ó di mílíọ̀nù 6 náírà. Mọ́tò tó bá lọ́gbà ń kọ mànà. Wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa táyà lára, wọ́n ti fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ bí àwo oúnjẹ, òórùn lọ́fíńdà sì gba inú rẹ̀ kan. Ẹni tó ń tà á ò jẹ́ kó mí. "Dádì, fáàsì bọ́dì ni o! Ẹ ṣáà tan án, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Éésì ẹ̀ ń mú gan-an." Olùkọ́ yí i po. Ó rí i pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti jẹ, bátìrì náà sì ti gbó. Ó ṣírò wọn, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó, inú rẹ̀ dùn pé òun kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Èje tiẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́jà tó gbọ́n kì í fi èje pamọ́. Táyà tó jẹ ló ń gba ojú oníbàárà kúrò lára ohun tó kù.

Omi tó ti wọ mọ́tò wà lára ohun tó kù yẹn. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo ìlú Houston ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò ló mu omi. Bó ṣe máa ń rí níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ adójútòfò á sanwó fún onímọ́tò, á sì lu ọkọ̀ náà ní gbànjo. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pé àgbákò ti bá a. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gorí omi wá sí Kùtọnu tàbí Èkó, ìwé yẹn kì í sábà bá a dé ọgbà. Wọ́n á sá a, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Wáyà abẹ́ àga á máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀, títí fèrèsé ò fi ní gòkè mọ́, tí mọ́tò á kú sójú títì márosẹ̀. Ẹni tó bá fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá lè bá ilà ẹrẹ̀ pàdé níbi tí ọwọ́ afọmọ́tò ò dé. Kó ṣí ibi tí táyà sípíà ń gbé wò pẹ̀lú.

Ti ẹ́ńjìnnì tún wà níbẹ̀. Iná kékeré kan máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bí nǹkan bá ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lè pa iná náà rẹ́ wéré. Àìsàn ò lọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló gbàgbé rẹ̀, ó sì dìgbà tí mọ́tò bá rìn dáadáa kó tó rántí. Abájọ tí wọn ò fi ń jẹ́ kí ẹ wà á kọjá ẹnu géètì, tí wọ́n á ní epo ti ń tán. Jíà tó ń yọ̀ náà kì í sábà jẹ́wọ́ nígbà tó bá tutù. Bí rewaya tó mọṣẹ́ bá so ẹ̀rọ tiẹ̀ mọ́ mọ́tò náà, yóò rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì.

Òwe ò sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ò ṣeé mọ̀. Ẹni tó ní ó ju èje lọ mọ nǹkan kan. Lọ́gbà mọ́tò, ẹni tó pa iná yẹn ló mọ̀. Àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn láti máa ní, "Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ mú mẹkáníìkì yín wá?" Èmi ò gba àwáwí yẹn. Mẹkáníìkì lè ṣì í wò (òmíì tiẹ̀ ń gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ ọlọ́jà kó tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀), ìyẹn ò sọ ẹni tó fi nǹkan pamọ́ di olóòótọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà kan wà tó jẹ́ pé àwòrán lásán ni wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó rà á, tí àwọn náà wá jẹ gbèsè. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ ni mò ń bá wí.

Òfin pàápàá ò gbé gbogbo ẹrù lé olùrà lórí mọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, ní kí ẹni tó ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe fi í hàn gbangba. Ó tún fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí kò lábùkù. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ rìsíìtì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá tà ní ipò tó dára kò ṣeé dá padà. Ẹ tún un kà: "ní ipò tó dára." Ọlọ́jà tó pa iná ẹ́ńjìnnì kó tó kọ rìsíìtì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ẹjọ́ tó máa dá a lẹ́bi.

Lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá dẹ́rẹ́bà, lẹ máa rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti òǹkà 17. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ fi lè rí ìtàn rẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó ná an rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé omi ò wọ ọ́ rí, pé wọn ò pa iná kankan lójú rẹ̀. Àwọn kan á kọ ọ́ láìjanpata. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Dádì, ẹ̀yin náà! Ẹ jẹ́ kí n fi òmíì hàn yín."